Etídò ni, kì í ṣe "iwájú-omi"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dákẹ́ sí eléyìí. Bọ̀dá wa tó ń kọ ìwé pélébé fáwọn àlejò tó ń wá wo Abẹ́òkúta gbé ọ̀rọ̀ tuntun jáde, ó ní "ìlú iwájú-omi" fún ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ohun tí òyìnbó ń pè ní "waterfront", pé Yorùbá ò lórúkọ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yorùbá wo? Ẹ̀gbá tó ti ń mu odò Ògùn látìgbà tí Ṣódẹkẹ́ ti kó wọn débí lọ́dún 1830?

Níbo lomi ti níwájú? Ilé níwájú torí ó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síbì kan, ẹ̀yìnkùlé sì wà. Odò tó ń ti apá Ṣakí bọ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ bá ọ̀sà, tẹ́ ẹ bá ní iwájú ẹ̀, ibi tó ń ṣàn lọ ló máa wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn sì ni Èkó! Etí ló yẹ ọ̀rọ̀ yìí. Etí aṣọ, etí igbó, etí òkun, ibi tí nǹkan parí sí tí nǹkan míì ti bẹ̀rẹ̀. Ara èèyàn làwọn baba wa fi ń júwe ibi, ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òkè, ẹ̀yìn odi.

Ẹnì kan ti dá bọ̀dá lóhùn pé "bèbè odò" náà ò burú fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, mi ò gbà fún un. Ìyá mi àgbà máa ń kó àdìrẹ lọ ṣàn lódò ní Láfẹ́nwá, "mò ń lọ etídò" ló máa ń wí, ṣùgbọ́n táwa ọmọdé bá ti sún mọ́ omi jù, á pariwo pé ká kúrò lórí bèbè, pé ó lè ya. Bèbè ló ń ya, etídò kì í ya, ìlú ò sì lè wà lórí bèbè.

Ẹ tún wo àdìrẹ yẹn fúnra ẹ̀. Àwọn ìyá Ìtòkú dì í, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ó di à-dì-rẹ, nígbà tí wọ́n ń fi láfún ya iṣẹ́ sára ẹ̀, wọ́n pè é ní ẹlẹ́kọ. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní sátífíkéètì kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, torí náà kí bọ̀dá má fi ìwé tó kà dẹ́rù bà wá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó kọ "Odò Ògún" síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Dò-dò ni o, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí méjèèjì! Ògùn, odò Yemọja, òun náà ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ lọ́dún 1976. Ògún lonírin, ogún ni ohun táwọn bàbá fi sílẹ̀ fún wa, ogun ló lé Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859, òun lẹ ń kọ orúkọ odò ẹ̀ báyìí?

Èbúté táwọn kan ń dá lábàá, mo fara mọ́ ọn fún ibi tọ́kọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo ìlú, a ṣì máa jà á. Bọ̀dá, ẹ má tíì tẹ ìwé yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín fi àmì ohùn sí i, mi ò ní gba kọ́bọ̀.