Kíndìnrín ológbò mi ń daṣẹ́ sílẹ̀, omi abẹ́ awọ kò wọlé, kò sì jẹun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ológbò mi, akọ, ọdún 13, kílò 4. Creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù) jẹ́ 3.4 mg/dL, dókítà ẹran wa ní àìsàn kíndìnrín rẹ̀ ti wà ní ipele kẹta nínú mẹ́rin. Ó ní kí n máa fún un ní Ringer's lactate (omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fà sára) 100 ml lábẹ́ awọ, kí n máa fo ọjọ́ kan láàárín. Omi ọ̀hún kì í ṣàn dáadáa, ológbò sì ń jà. Ó tún kọ oúnjẹ kíndìnrín tí a rà. Ṣé kí n máa fún un ní panla àti edé, kó ṣáà jẹun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi tútù ló sábà ń mú wọn jà. Ẹ ki báàgì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín wò. Ẹ má gbé e sínú microwave, ibì kan á gbóná ju ibòmíràn lọ. Ẹ gbé báàgì kọ́ sókè dáadáa, torí gíga rẹ̀ ló ń ti omi wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣàn dànù kí afẹ́fẹ́ lè kúrò nínú rọ́bà. Ẹ wá fa awọ àárín èjìká sókè bí àgọ́, kí ihò ẹnu abẹ́rẹ́ kọjú sókè, kí ẹ sì tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má lọ́ra.

Bí omi bá dúró, ẹnu abẹ́rẹ́ ti fara ti awọ: ẹ yí i díẹ̀ tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí irun bá tutù, abẹ́rẹ́ ti gba òdìkejì yọ. Abẹ́rẹ́ tuntun ni nígbà gbogbo, 18 tàbí 20 gauge (ìwọ̀n bí abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó). Èyí tó ti kú ń dùn ún gan-an. Ara á wú, ó tiẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí apá, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí wíwú náà bá ṣì wà nígbà tí omi mìíràn yẹ, tàbí tó ń mí gùlegùle, ẹ má fi kún un, ẹ pe dókítà. Ẹ má sì fi omi dextrose (omi oníṣúgà) rọ́pò o.

Dókítà ẹran: Ẹ fi panla àti edé sílẹ̀. Eegun ẹja àti edé gbígbẹ kún fún phosphorus, ohun aṣaralóore kan tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè tú dànù mọ́. Ṣùgbọ́n ebi burú jù: bí ológbò bá lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ dá a padà sí oúnjẹ tó mọ̀ lónìí. Nígbà tó bá ń jẹun dáadáa, ẹ po oúnjẹ kíndìnrín tuntun mọ́ ọn, ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má fi oògùn sínú oúnjẹ tuntun náà, á kórìíra rẹ̀. Bó bá ń súnmọ́ àwo, tó ń lá ètè, tó sì yí padà, èébì ló ń gbé e. Ẹ béèrè maropitant, oògùn tó ń dá èébì dúró, lọ́wọ́ dókítà yín.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Láti àná, orí rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀, ọrùn kò dúró. Ṣé ara ló ń dùn ún, kí n fún un ní paracetamol?

Dókítà ẹran: Rárá o! Paracetamol ń pa ológbò, kódà ìdajì hóró kan. Ọrùn tó ń tẹ̀ báyẹn sábà jẹ́ àìtó potassium, èyí tí iṣan ara nílò: ó ń bá ìtọ̀ lọ, kò sì jẹun tó láti dí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà yín lónìí, má jẹ̀ẹ́ ó di ọ̀la. Kí wọ́n yẹ potassium àti phosphorus wò, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá ń dúró lókè 160, ó lè fọ́ ọ lójú lójijì. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ dání, kí ẹ sì sọ iye omi tó ti wọlé láti ọ̀sẹ̀ yìí.