Spíkà active mi ń kùn bí oyin lẹ́yìn receiver, ẹ gbà mí

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, apá Ìlódè. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ra spíkà tuntun, wọ́n wá ta àwọn àtijọ́ fún mi, méjì, active ni wọ́n, ìyẹn àwọn tí amp (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára) ti wà nínú wọn tí èèyàn máa ń ki iná bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní home theatre kan nílé tí àwọn spíkà kéékèèké tó bá a wá ti bàjẹ́ tán, receiver ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń gbé e fún spíkà, ṣì dáa, mo bá ní kí n so ti ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ ọn. Ihò pre-out, èyí tí ohùn ń gbà jáde kí amp inú receiver tó fún un lágbára, wà lẹ́yìn receiver yẹn, pupa àti funfun, mo ra wáyà RCA sí XLR (ẹnu RCA lọ sí receiver, ẹnu XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí spíkà) ní Lágéré, mo so ó. Ohùn ń jáde, ó sì dùn, àmọ́ nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń kùn húùùù, fíìmù ń lọ o, kò lọ o, kódà tí mo bá yí volume sí òdo ó ń kùn bẹ́ẹ̀ náà ni.

Receiver wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, spíkà ọ̀tún wà lórí extension, ti òsì wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Decoder so mọ́ receiver pẹ̀lú HDMI, receiver so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nítorí bàbá mi gan-an ni mo ṣe ń ṣe wàhálà yìí, etí wọn ti ń wúwo, wọn kì í gbọ́ ìròyìn dáadáa mọ́, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa dún ketekete sí wọn. Kùnkùn yẹn ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá_Wáyà
Wáyà earth ni kó o yọ kúrò nínú plọ́ọ̀gì àwọn spíkà yẹn. Tèmi náà kùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo yọ ọ́, ariwo kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìjẹ̀ṣà_Sáùndì
Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá_Wáyà, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dá wáyà yẹn padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Òótọ́ ni pé ariwo máa kú, àmọ́ spíkà yẹn ní irin lẹ́yìn, iná 230 volt ló sì ń wọ inú ẹ̀. Iṣẹ́ wáyà earth ni pé tí wáyà iná bá já nínú tó lọ kan irin yẹn, iná á gba earth lọ, fíúsì inú plọ́ọ̀gì á jó, gbogbo ẹ̀ á kú. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, fíúsì ò ní mọ nǹkan kan, iná á wà lára irin yẹn, á máa dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ó tún lè gba ara wáyà RCA wọ receiver, kó gba HDMI dé ara tẹlifíṣọ̀n. Mi ò lè rí irú ìmọ̀ràn yẹn kí n dákẹ́.

Ọmọ_Ìlódè, àbúrò, o kú iṣẹ́. O ṣe dáadáa pé pre-out lo lò. Mo ti rí ẹni tó fa wáyà látinú ihò spíkà receiver, àwọn ihò pupa àti dúdú tí wọ́n ń yí yẹn, tó lọ kì í bọ inú active, amp lórí amp nìyẹn, ohùn á fọ́, ó sì lè jó input spíkà.

Ohun tó ń kùn yẹn, ground loop là ń pè é. Spíkà ọ̀tún ní ọ̀nà tiẹ̀ dé ilẹ̀, ti òsì ní tiẹ̀, decoder náà ní tiẹ̀ nípasẹ̀ wáyà dish tó ti ìta wọlé. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, àmọ́ wọn kì í dọ́gba, volt kékeré máa ń wà láàárín wọn. Nígbà tó o wá fi wáyà RCA àti HDMI so wọ́n pọ̀, òrùka lo ṣe, iná kékeré á máa yí po nínú òrùka yẹn, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan torí 50 Hz ni iná wa. Ara awọ wáyà RCA, ìyẹn irin tó yí wáyà àárín ká nínú ẹ̀, ni iná yẹn ń gbà, ara awọ yẹn náà ni ohùn fi ń padà, ni spíkà bá gbé méjèèjì jáde.

Má tíì ra nǹkan kan. Pa spíkà méjèèjì ná, torí tó o bá ń yọ RCA nígbà tí wọ́n wà ní títàn, ó máa dún gbì, ìró yẹn sì lè ba spíkà jẹ́. Yọ XLR lẹ́yìn spíkà kan, kó o tàn án láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Tó bá dákẹ́, spíkà ò ní àrùn. Pa á, so ó padà, wá kó receiver, tẹlifíṣọ̀n, decoder, àti spíkà méjèèjì sórí extension kan ṣoṣo tó ní earth gidi, ìyẹn nìkan ń wo ọ̀pọ̀ sàn torí òrùka yẹn á kéré. Má bẹ̀rù pé ó máa pọ̀ jù fún extension, plọ́ọ̀gì 13 amp lè gbé tó nǹkan bíi 3000 watt, ẹrù tìẹ ò dé ìdajì, kó ṣáà jẹ́ extension tó dáa. Tó bá ṣì ń kùn, yọ wáyà dish lẹ́yìn decoder, wáyà roboto tó ń yí yẹn, kó o fetí sílẹ̀. Wá sọ ohun tó o gbọ́ fún wa.

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Spíkà nìkan láìso nǹkan mọ́ ọn, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí extension kan, kùnkùn yẹn dín kù, àmọ́ kò tán. Ìgbà tí mo yọ wáyà dish báyìí, ó kú pátápátá! Mo yọ ọ́, mo so ó, mo tún yọ ọ́, tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí mo ṣe ń yọ ọ́ ló ń dákẹ́. Àmọ́ láìsí dish kò sí ìròyìn tí bàbá máa wò. Mo rí nǹkan kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní isolator tí wọ́n ń fi sí ẹnu wáyà antenna, ṣé kí n rà á?

Ayọ̀_Sọ́dà
Má rà á fún dish o. Antenna lásán ló wà fún. Iná tí LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àmì lórí dish, ń lò, ara wáyà kan náà ni decoder fi ń rán an lọ, volt 13 tàbí 18, isolator yẹn á dí i lọ́nà, àwòrán ò ní wá rárá.

Wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ àti ẹ̀yìn receiver, tí ihò optical bá wà lára méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. HDMI decoder, tẹlifíṣọ̀n ni kó o kì í bọ̀ tààrà. Yọ HDMI kúrò lára receiver pátápátá, má ṣẹ́ ọ̀kan kù, wá fi wáyà optical gbé ohùn láti tẹlifíṣọ̀n wá sí receiver. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà yẹn, kì í ṣe iná, kò sí irin níbẹ̀ tí òrùka máa gbà. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ní kó o yan irú ohùn tó máa jáde, mú PCM, ìyẹn ohùn tí wọn ò fún pọ̀.

Kí n tún sọ ti wáyà RCA sí XLR tẹ́ ẹ máa ń rà lọ́jà, nítorí ó ń dùn mí. Èyí tó pọ̀ nínú wọn, wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín awọ, wọ́n wá so ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 3 pọ̀ nínú XLR níbẹ̀. Spíkà yín mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ariwo kúrò láàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3, ohun tí wọ́n ṣe balanced (ohùn tó ń gba wáyà méjì nínú awọ) fún gan-an nìyẹn, àmọ́ wáyà burúkú yẹn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ṣe é fún oníbàárà, wáyà máíkì tó ní wáyà méjì nínú awọ ni mo máa ń lò: ọ̀kan láti ẹsẹ̀ 2 sí àárín RCA, ìkejì láti ẹsẹ̀ 3 sí etí RCA, awọ wà lórí ẹsẹ̀ 1, ẹnu RCA nìkan ni mo ti máa ń so awọ yẹn pọ̀ mọ́ wáyà ẹsẹ̀ 3. Ìyàtọ̀ ẹ̀ pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Bọ̀dá_Wáyà
Mo ti dá earth tèmi padà láàárọ̀ yìí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi wí, mi ò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ariwo ti padà. Èmi ò ní dish, láptọ́ọ̀pù ni mo so mọ́ spíkà tààrà.

Ìjẹ̀ṣà_Sáùndì
Ẹ kú ìgbọ́ràn ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù yẹn kẹ́ ẹ lo bátìrì nìkan. Tó bá dákẹ́, ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló pa òrùka dé. Ẹ wá transformer isolator ti ohùn, nǹkan tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ pé wáyà so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, kó jẹ́ 1:1, ìyẹn pé ohùn tó wọlé àti èyí tó jáde dọ́gba, ẹ fi sí àárín láptọ́ọ̀pù àti spíkà, earth yín á wà níbẹ̀, ohùn á sì kọjá. Ẹ má ra èyí tó kéré jù tó sì pọ́ọ́kú, wọ́n máa ń jẹ ìró ìsàlẹ̀, ìlù á kàn máa dún bí agolo. Tó bá jẹ́ pé orí ínfátà nìkan ló ti ń ké, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àwọn ínfátà tí iná wọn kì í ṣe pure sine wave (iná tó ń lọ tó ń bọ̀ geere) máa ń mú kí nǹkan ké, earth kọ́ ló ń ṣe é.

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, optical wà lára méjèèjì! Mo ra wáyà ẹ̀ lánàá, mo yọ gbogbo HDMI kúrò lára receiver bẹ́ ẹ ṣe wí, dish wà níbẹ̀, kùnkùn ò sí mọ́. Ohun tó kù ni pé tí mo bá gbé etí sún mọ́ spíkà, mò ń gbọ́ ṣììì díẹ̀, bí omi tó fẹ́ hó. Ṣé òrùka náà ni?

Ayọ̀_Sọ́dà
Rárá, gain, ìyẹn bí spíkà ṣe ń gbé ohùn tó wọlé sókè tó, ló pọ̀ jù. Spíkà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn ẹ̀ dé òkè nígbà tí wọ́n ń lò ó. Yí i sílẹ̀ dé ìdajì tàbí kó tún dín, kó o wá gbé volume receiver sókè. Tí suwíìṣì +4 àti -10 (èyí tó ń bá spíkà yan bí ohùn tó ń wọlé ṣe lágbára tó) bá wà lẹ́yìn ẹ̀, +4 ni kó o kọ́kọ́ gbìyànjú, tí ohùn bá kéré jù lórí ẹ̀, dá a padà sí -10. Tó o bá sì ń tan nǹkan, receiver ṣáájú, spíkà kẹ́yìn. Tó o bá ń pa á, spíkà ni kó ṣáájú.

Ọmọ_Ìlódè
Mo ti yí i sílẹ̀, ṣììì yẹn ti lọ, àfi téèyàn bá lẹ etí mọ́ ọn. Bàbá wo ìròyìn alẹ́ àná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbi mí pé kí ni wọ́n sọ. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n dín in kù díẹ̀.