Màmá ń bọ̀ ní Newcastle: ibo ni ká mú wọn dé láàárín ìlú?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ń bọ̀ wá kí wa ní Newcastle, ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia níbí, nínú Oṣù Kẹfà. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n tíṣà ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò ní gbà kí n kàn máa mú wọn yí ṣọ́ọ̀bù ká. Ibo ló yẹ ká dé?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, kọ́kọ́ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wọn wò. NTL ni pápákọ̀ òfuurufú tiwa. NCL, ti Newcastle ìlú Ọba ni. Bó bá jẹ́ Sydney ni wọ́n máa bà sí, rélùwéè á gbé yín dé Wickham. Ibẹ̀ ló ń parí sí láti 2017. Tíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ló máa gbé yín dé etí òkun, káàdì Opal tí a fi ń san owó ọkọ̀ náà lẹ ó lò.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Tíṣà ìtàn kẹ̀? Ibi tó bá wọn mu gan-an ni wọ́n ń bọ̀ yìí. Àwọn Awabakal àti Worimi ló ni ilẹ̀, Mulubinba ni wọ́n ń pè é. Ní 1797, Lieutenant John Shortland ń lépa àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ, ló bá kan ẹnu odò tí èédú ti yọ síta. Lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣọ̀tẹ̀ ní Castle Hill ní 1804, tó sì jẹ́ pé ará Ireland ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n kó lára wọn wá síbí láti máa wa èédú, kí wọ́n máa gé igi, kí wọ́n sì máa sun ìkarahun ṣe ẹfun ìkọ́lé.

Nobbys ni kí o kọ́kọ́ mú wọn lọ. Whibayganba ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Erékùṣù ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta dí omi ní 1818 kó lè so mọ́ ilẹ̀, 1846 ló sì tó parí. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wà lórí rẹ̀ láti 1858. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, orúnkún wọn á gbà á.

Fort Scratchley, odi àwọn ológun àtijọ́, wà lórí òkè, mọ́tò ni kí ẹ gbé lọ. Ní 8 Oṣù Kẹfà 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jàpáànì yìnbọn sí ìlú yìí lóru, ìbọn ńlá orí òkè náà sì fèsì. Kò sẹ́ni tó kú. Ní 8 Oṣù Kẹfà kan náà, 2007, ìjì gbé Pasha Bulker, ọkọ̀ tó wá kó èédú, gúnlẹ̀ sí Nobbys. Oṣù Keje ni wọ́n tó rí i fà jáde. Ọjọ́ yẹn ò kí ń fi ìlú yìí sílẹ̀ lásán!

Bogey Hole, ẹ wò ó látòkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, ìgbì sì le. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló gbẹ́ ẹ sínú àpáta ní nǹkan bí 1819, kí Morisset, ọ̀gá wọn, lè rí ibi dá wẹ̀. Ìwọ wo ayé òyìnbó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ìyàwó mi tiẹ̀ ń wo ilé tí a lè rà lágbègbè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Há! Rọra o. Ihò èédú àtijọ́ pọ̀ lábẹ́ àárín ìlú, ilẹ̀ sì lè rì. Kí lọ́yà yín wo ìwé ẹ̀rí 10.7 ti ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ káńsù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i bóyá ó wà ní agbègbè tí ìjọba kà sí ibi ilẹ̀ rírì. Ẹ má kan yàrá kún ilé láìgbàṣẹ níbẹ̀, torí bí ilẹ̀ bá rì, owó gbà-máà-bínú lè má kàn yín.

Bọ̀dá Mayfield: Ẹ má gbàgbé ìmìtìtì ilẹ̀ 28 Oṣù Kejìlá 1989. Èèyàn 13 ló kú. Ó ba Christ Church Cathedral, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lórí òkè míì, jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe, ẹ lè wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Queens Wharf lọ sí Stockton. Kò pẹ́ rárá, wọ́n á sì rí àwọn ọkọ̀ èédú níwájú wọn.

Ìyá Ìbejì: Súẹ́tà o! Oṣù Kẹfà, òtútù ni níbí, atẹ́gùn Nobbys ò mọ àgbà.