Gègé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì ní ba àmì ọ̀rọ̀ jẹ́: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Tísà, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn tó rí káàdì ìkómọ tí mo kọ lóṣù tó kọjá ń bi mí pé irú gègé wo ni mo lò. Mo wá rò ó pé kí n kúkú sọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin náà fi tiyín kún un. Mi ò sọ ti báírò o. Gègé tó ń mu íńkì ni mò ń wí, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin tó là láàárín.

Ilé tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi kẹ́kọ̀ọ́ tísà ní St. Andrew's níbí ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Gègé kan ṣoṣo ló ní. Ìgò íńkì Quink rẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, á fa íńkì sínú gègé, á kán ẹ̀kán méjì padà sínú ìgò, á fi àkísà nu ẹnu rẹ̀, kó tó wá fi kan ìwé. Mo ṣì ń kán ẹ̀kán méjì yẹn dòní olónìí, torí bí íńkì bá kún ẹnu gègé jù, orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló máa da gbogbo rẹ̀ sí.

Nígbà tó kàn mí láti ra tèmi, gègé ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni mo rà, èyí tí wọ́n kọ B sí lára. Ó ń yọ̀ lórí ìwé bí epo, ó wù mí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe ni ìwé ẹ̀rí 24 fún àwọn àgbà ìjọ kan tí wọ́n fẹ́ bọlá fún. Mo kọ "Ìwé ọ̀wọ̀" sí òkè rẹ̀. Nígbà tí íńkì gbẹ, àmì abẹ́ lẹ́tà ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ, àmì orí ọ àkọ́kọ́ sì ti rì wọ inú lẹ́tà lọ. Ìyá àgbà kan gba tirẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì kà á sókè: "Ìwé ọwọ̀." Ìwé ìgbálẹ̀! Ó dùn mí dé egungun, torí ìyá yẹn kò ṣe àṣìṣe, ohun tó wà níbẹ̀ ló kà. Mo gba gbogbo rẹ̀ padà, mo sì tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Àtìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń kọ Yorùbá kò lè ra gègé bí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Láti ayé Àjàyí Crowther ni àmì ti wà lábẹ́ lẹ́tà wa, àmì ohùn sì tún wà lórí. Ẹ wo ìwé àjákọ tí àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8. Lẹ́tà kékeré inú rẹ̀ kì í sábà ga ju mìlímítà 3 lọ. Bí ìlà tí gègé ń fà bá nípọn tó mìlímítà 1, inú e á dí, àmì orí á sì lọ máa gún ìdí ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀.

Èyí tí mò ń lò lójoojúmọ́ báyìí ni Platinum Preppy ti mìlímítà 0.3, ti Japan. Ike lásán ni ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kéré jù nínú gègé tó ṣeé gbára lé. Àwọn ará Japan máa ń ṣe ẹnu gègé tín-ín-rín ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. F tiwọn, ìyẹn àmì ẹnu tín-ín-rín, kì í dọ́gba pẹ̀lú F Jámánì. Lẹ́tà tiwọn náà kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra, ìyẹn ló fi bá tiwa mu. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni ìdérí. Ike kékeré kan wà nínú ìdérí náà tí sípíríìngì ń tì síwájú, ó máa ń bo ẹnu gègé pinpin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa, tó ń la ètè èèyàn, tó ń fa omi gbẹ nínú abọ́, ẹ mọ ohun tó lè fi íńkì ṣe. Lọ́dún tó kọjá mo gbàgbé tèmi sínú àpò láti àárín oṣù Kejìlá títí ọdún fi yípo. Mo ṣí i, mo fi kan ìwé, ó kọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́tà ọlọ́nà yàtọ̀ síyẹn. Gègé tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ló ń ṣe é. Lamy Safari ti Jámánì, tó ti wà láti 1980, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ ṣeé fà yọ kí a sì fi òmíràn rọ́pò. Ẹnu mìlímítà 1.1 ni mo fi sí i. Ó wọ́n ju Preppy lọ dáadáa, mo tọ́jú owó fún un ni.

Ẹni tó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í mú kò lo gègé rí. Afíngbá kan ni, níbí ní Ọ̀yọ́. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé igbá lé itan, ó mú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, ó dà á dàgẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀bẹ yẹn kò yí. Igbá ló ń fi ọwọ́ òsì yí, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń yí ọmọ tuntun níbi ìwẹ̀. Ìlà a fẹ̀ níbì kan, a tún tín-ín-rín níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ wà bó ṣe wà. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Èmi ti ń yí gègé kiri lórí lẹ́tà bí ẹni ro ọbẹ̀. Mo délé, mo da gègé ní dígíríì 45 sí ìlà ìwé, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ láti A títí dé Y. Nínípọn àti tín-ín-rín wá fúnra wọn.

Èmi ti sọ tèmi. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ọmọ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ yín bá mi níbi tó ń dùn mí.

LAUTECH ni mo wà, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, nóòtì wa sì pọ̀. Bí mo bá fi báírò kọ ojú ewé mẹ́fà, àtàǹpàkò mi á máa ro mí. Mo wá ra gègé China kan ní ₦4,000, ó ní ohun tí wọ́n fi ń fa íńkì, bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ̀gbádùn rẹ̀, èèyàn kò ní láti tẹ̀ ẹ́ rárá, àtàǹpàkò kò ro mí mọ́. Íńkì wá tán. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé bu íńkì dúdú tí wọ́n fi ń yàwòrán fún mi, mo fà á sínú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, kò kọ mọ́. Mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé bí ẹni tẹ báírò, ni ẹnu rẹ̀ bá yà sí méjì.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wádìí. Ṣẹ́láàkì ló máa ń wà nínú irú íńkì bẹ́ẹ̀, ohun kan náà tí àwọn káfíńtà fi ń kun àga kó lè máa dán. Bó bá ti gbẹ, omi lásán kò lè yọ́ ọ mọ́. Ẹ wo bí gègé ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Bí ẹ bá da ẹnu akèrègbè ẹmu kodò, á máa ké gbùlù-gbùlù, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹmu tó ráyè jáde. Bí gègé náà ṣe rí nìyẹn. Ike tó wà lábẹ́ ẹnu irin yẹn ní ojú ọ̀nà tín-ín-rín tí íńkì ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà gòkè lọ gba ipò rẹ̀. Lewis Waterman ní New York ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1884. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo fi ṣẹ́láàkì dí pa.

Ti ìwé náà ṣe pàtàkì o. Ẹsásáìsì kan tí mo rà ní Wàsó, bí mo bá fi gègé kọ ọ́, gbogbo lẹ́tà á yọ irun bí kòkòrò, á sì jáde sí ẹ̀yìn ìwé. Ìwé A4 tó jẹ́ giráàmù 80 gbà á dáadáa. Mo ti mọ̀ báyìí pé kí n mú gègé dání lọ sọ́dọ̀ oníwèé, kí n bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ewé kan tó ti ya, kí n kọ ìlà kan sí i kí n tó sanwó.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gègé mi ṣì lè yè?

Ọmọ Kéú, Ọ̀yọ́

Àsàlámù àlékùm, gbogbo ilé. Ọ̀dọ̀ Álífà ni mo ti mọ kálàmù. Pòròpórò ọkà la máa ń gé, a ó fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, a ó tì í bọ tàdáwà, íńkì ilé kéú, a ó sì fi kọ ọ́ sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wa, láti ọ̀tún sí òsì. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ní báyìí mo máa ń kọ Bisimilláì fún àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gègé Pilot Parallel ni mo rà fún un, ti mìlímítà 3.8. Irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra ni ẹnu rẹ̀, íńkì ń gba àárín wọn jáde. Wọ́n ní 1.5, 2.4 àti 6.0 pẹ̀lú. Mo ṣàlàyé ìwọ̀n yìí torí ọ̀pọ̀ ló máa ń rà á láìmọ ohun tó fẹ́ fi kọ. Lọ́dọ̀ wa, Ibn Muqla ará Baghdad, tó kú ní 940, ni àwọn akọ̀wé ọlọ́nà ń tọ́ka sí pé ó kọ́ àwọn èèyàn láti máa fi àmì tí ẹnu kálàmù tẹ̀ wọn gígùn lẹ́tà. Ẹnu kálàmù ló ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe ojú ẹni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má ṣe bu tàdáwà ilé kéú sínú gègé wọ̀nyí. Oje igi àti èédú tó wà nínú rẹ̀ máa dí i, bíi ti arákùnrin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kálàmù ni tàdáwà tọ́ sí.

Ọlọ́wọ́ Òsì, Tàkíè

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé. Wọ́n nà mí títí nígbà tí mo wà ní kékeré, kò yí padà. Mo yá gègé ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà kan, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi ló nu gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n gbàgbé gègé ni?

Ìyá Tísà, Ọ̀yọ́

Ọlọ́wọ́ Òsì, má gbàgbé rẹ̀ o, ọmọ mi. Ẹnu tín-ín-rín ni kí o rà, torí íńkì tó ń jáde níbẹ̀ kéré, ó sì ń tètè gbẹ. Yí ìwé rẹ síhà ọ̀tún díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ lè wà nísàlẹ̀ ìlà tó ò ń kọ, kó má baà máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ sì mọ́ ju ti àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún lọ.

Ọmọ Kéú, o ṣeun gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà tí mò ń kọ rí: ìlọ́po márùn-ún ìbú ẹnu gègé ni gíga lẹ́tà kékeré. Nítorí náà, 1.1 á fún ni ní mìlímítà 5.5; 2.4 á fún ni ní 12; 3.8 á jẹ́ 19, 6.0 á dé 30. Káàdì ìkómọ kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, 1.1 tàbí 1.5 ló bá a mu. Ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri ló lè ra 6.0.

Ní ti owó, ẹ ra íńkì inú ìgò, ẹ jìnnà sí kátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí íńkì ti wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá lè ṣe é. Ìgò kan sábà máa ń jẹ́ mìlílítà 50, ohun ìfa-íńkì inú gègé kì í sì í sábà gbà tó mìlílítà 1. Ìgò kan á kún un ju ìgbà 50 lọ. Kátíríìjì Pilot kò sì wọ Lamy, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Under G, fa ẹnu gègé yẹn yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun àti ike abẹ́ rẹ̀. Rẹ wọ́n sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan. Má lo omi gbígbóná, ike á tẹ̀. Má sì bu sípíríìtì sí i, ó lè ba ike náà jẹ́. Máa pààrọ̀ omi náà láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ àwọn ojú ọ̀nà yẹn. Ní ti ẹnu tó yà, fi èékánná méjèèjì tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, kí o máa gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín rẹ̀ dàbí irun orí kan ni o, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun mà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rẹ ẹ́. Omi ọjọ́ kìíní dúdú bí èédú, ti ọjọ́ kejì dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n po mọ́ eérú, ti ọjọ́ kẹrin ló mọ́. Mo bu Quink aláwọ̀ búlúù sí i láàárọ̀ yìí, mo kán ẹ̀kán méjì padà sínú ìgò bí bàbá yín ṣe ń ṣe. Kò kọ nígbà àkọ́kọ́. Mo dúró, mo tún fi kan ìwé jẹ́jẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni "ọ̀wọ̀". Àmì abẹ́ rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ sí lẹ́tà, ti orí méjèèjì sì hàn kedere. Mo ti lẹ ewé náà mọ́ ògiri lókè ibùsùn mi.