Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí iṣẹ́ àti ilé-ìwé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè níbí lóṣù tó kọjá: mo padà sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọlé ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, oorun wá di ọ̀wọ́n.

Ó ti lójú díẹ̀. Ọ̀gá mi gbà kí n máa dé ìsọ̀ ní aago 2 ọ̀sán lọ́jọ́ tí mo bá ní kíláàsì, kí n fi alẹ́ dí i. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kàwé, bí dẹ́rẹ́bà ò bá yí rédíò sókè. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa àti ẹ̀pà ni mò ń mu lọ́sàn-án. Ìkọ́kọrẹ́ di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣé, àmọ́ ta ni yóò sanwó ilé-ìwé? Aṣọ tí a máa rán fún Ojúde Ọba, ọdún Ìjẹ̀bú tó ń tẹ̀lé Iléyá, nìkan ló ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ó dìgbà Iléyá. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.