Báwo la ṣe lè fi gbèdéke sí service charge nínú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí kí a tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ilé-iṣẹ́ wa ló fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù 60 square metre nínú pláásà 1,200 square metre ní Ìkẹjà, fún ọdún 5. Kì í ṣe inú GRA, àdúgbò tí òfin yọ sílẹ̀, torí náà Òfin Ilé Gbígbé Èkó ti 2011 dé ibẹ̀. Owó ilé bójú mu. Service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú pláásà, ni ìṣòro: onílé ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn wà nínú wọn nìkan ni yóò pín owó dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ṣọ́ àti ìmọ́tótó. Ìpín wa yẹ kó jẹ́ 5%. Bí 400 square metre bá ṣófo, ó di 60 nínú 800, ìyẹn 7.5%. Ẹrù onílé ni wọ́n gbé lé ayálégbé lórí yẹn, kò dáa rárá. Òfin fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ ìnáwó lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, àmọ́ àkọsílẹ̀ nìkan kò dí ihò yìí.

Gbólóhùn wo lẹ fi ń de onílé mọ́ gbogbo 1,200, bí ilé tiẹ̀ ṣófo? Ṣé ẹ máa ń yọ dísẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò nínú gbèdéke ọdọọdún, torí iye rẹ̀ kì í dúró? Onílé tún ní kí owó òun pé láìyọ 10% withholding tax, ìyẹn owó orí tí ayálégbé ń yọ nínú owó ilé láti san fún ìjọba. Báwo lẹ ṣe ń kọ ìyẹn?