Lórí “amẹ́jaṣeré”: ṣé ikú ni “pa” inú “pẹja” ń wí?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dá “amẹ́jaṣeré” sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lọ sójú òkun láti pẹja fún ìgbafẹ́ ní kí a má lo “apẹja” fún un, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa tú ẹja sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àti pé ẹni tí kò bá pa ẹja kú kì í ṣe apẹja. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ni a ń tú sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, marlin (ẹja ńlá ojú òkun tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóṣóró bí ọ̀kọ̀) búlúù àti funfun tí òfin gbà kí gbogbo apẹja ìgbafẹ́ orí òkun Àtìláńtíìkì gbé wá sí èbúté kò gbọdọ̀ ju 250 lọ lọ́dún kan. Láti 2008 ni òfin sì ti ní kí àwọn tí ń díje lórí irú ẹja bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá lo ìdẹ gidi, máa fi í sórí ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú, èyí tí ó ń kọ́ ẹja ní igun ẹnu dípò kí ó há sí i nífun.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kú nígbà tí a pàlọ́? Òkú ta ni a sin nígbà tí àgbà pòwe? Nínú Mátíù 4:19, Jésù ní òun yóò sọ Pétérù àti Áńdérù di “apẹja ènìyàn”, kò sì sí ọmọ ìjọ tí ó tìtorí rẹ̀ sá fún wọn.

Ìlàjẹ ni bàbá ìyá mi. Bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀ tí a sì bi wọ́n pé, “Bàbá, mélòó lẹ pa?”, wọn a ní àwọn pa mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ẹja kúta tí wọ́n kà mọ́ ọn ṣì ń fi ìrù gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí omi fi ń ta sí wa lójú. Àrọ̀ tí apẹja “pa” lánàá ṣì ń yí nínú ike lọ́jà lónìí. Kí ọwọ́ tẹ ẹja ni “pa” yìí ń wí. Ikú ẹja, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Kí ó tún wá jẹ́ “mú” ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀! Yorùbá kì í mú nǹkan ṣeré. Fífi ni à ń fi nǹkan ṣeré, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó ń kìlọ̀ iná fún ọmọ.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ kí a máa pe òkun tí irú apẹja yìí ń lọ ní “omi iyọ̀”, omi iyọ̀ ni èyí tí àwọn ènìyàn fi wẹ̀ ní 2014 nítorí ìbẹ̀rù Ẹbólà. Ọ̀sà Èkó pàápàá a máa níyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn nígbà tí òkun bá wọ̀ ọ́, bí òjò bá sì dé, iyọ̀ rẹ̀ a dínkù; ta ni yóò tìtorí ìyẹn pe ọ̀sà ní òkun?

“Apẹja ìgbafẹ́” tó mi. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ “amẹ́jaṣeré”, kí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ tí a ó pe ọmọ tí ó ń fi ìka tọ́ àrọ̀ nínú ike ìyá ẹlẹ́ja.